Ìdí Tí Ẹ̀tù Ìbọn Fi Ń Gbé Abẹ́ Abíyá Ọdẹ

"Ibi yòówù kí wọ́n gbé mi dé, bákan náà ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Òtútù ò tó bẹ́ẹ̀, ooru ò tó bẹ́ẹ̀. Òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀kan náà ni lójú mi."

Ẹ̀tù Ìbọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Orí àjà ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Nígbà láéláé ni, nígbà tí ẹ̀tù ṣì ní ẹsẹ̀. Ilé Ọdẹ́rìnlọ ọdẹ ló ń gbé, lórí àjà tó wà lókè ààrò, níbi tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá wù ú, á jáde lọ kí àwọn aládùúgbò. Àwọn aládùúgbò a máa sáré pa iná wọn kí ó tó wọlé. Ọ̀wọ̀ ni Ẹ̀tù pe ìyẹn.

Ká má parọ́, òótọ́ ló ń sọ nígbà náà. Ẹ̀tù tó kún ìkarahun ìgbín kan ni Ọdẹ́rìnlọ máa ń bù sínú ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, òjò ni o, ọyẹ́ ni o, ibi tó bá wò ni ọta ń lọ. Ohun tí Ẹ̀tù kì í sọ ni pé òun nìkan kọ́. Ooru máa ń wà lẹ́yìn ọta, á tì í. Afẹ́fẹ́ máa ń wà níwájú, á ní kí àwọn èèyàn òun yà fún un. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á pín ẹran bí ọdẹ ṣe ń pín in. Ooru ló ni ẹ̀dọ̀, Afẹ́fẹ́ ló ni ọrùn, Ẹ̀tù ló ni itan.

Ọjọ́ tí wọ́n pa àgbọ̀nrín ńlá kan ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Àyọ̀ká, ìyàwó Ọdẹ́rìnlọ, gé ẹran kalẹ̀. Ẹ̀tù na ọwọ́, ó kó itan, ó kó ẹ̀dọ̀, ó kó ọrùn, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀tù, ẹ̀dọ̀ mi ńkọ́?" ni Ooru bi í.

"Ẹ̀dọ̀ kí ni? Ta ló gbọ́ ìró rẹ nínú igbó? Ṣebí èmi ni mo dún!"

"Ọrùn tèmi ńkọ́?" ni Afẹ́fẹ́ wí.

"Ìwọ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí? Ọ̀nà ọ̀fun wo lo fẹ́ gbé e gbà?"

Ooru wo Afẹ́fẹ́. Kò pariwo.

"Ó dáa," ni Ooru wí. "Láti òní lọ, ibi tó bá wù mí ni màá bá ọ dé. Tí òtútù bá mú, ilé ni wàá bá mi."

"Tèmi ò le rárá," ni Afẹ́fẹ́ wí. "Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yà fún ọta rẹ mọ́. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn mi pọ̀, kí ó máa fi orí la àárín wọn. Lórí òkè, a ò pọ̀, kí ó máa sáré bó ṣe fẹ́. Ibi tó bá balẹ̀ sí, kí o lọ wá a."

"Ẹ kí ilé o," ni Ẹ̀tù wí. Ó ń jẹ ẹ̀dọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹfọ̀n kan sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Olọ́yẹ́, ó ń fọ́ àká iṣu abúlé náà. Èèbù tí wọ́n fẹ́ gbìn ló ń jẹ. Tí èèbù bá tán, kò sí iṣu ní ọdún tó ń bọ̀.

"Ẹ̀tù," ni Ọdẹ́rìnlọ wí, "tí ẹfọ̀n yìí bá jẹ èèbù wa tán, Ọfà tó ń gbé ibẹ̀ kí o tó dé ni màá pè padà sórí àjà yìí. Ìwọ á wá ibi tí wàá máa sùn."

"Ọfà tó rí tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ yẹn? Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Wọ́n gun òkè ní ìdájí. Eyín Ọdẹ́rìnlọ ń gbá ara wọn. Ẹ̀tù bojú wẹ̀yìn, kò rí Ooru. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹfọ̀n dúró lẹ́bàá àpáta. Ọdẹ́rìnlọ bu ìkarahun kan, ó ki ìbọn, ó wò ó dáadáa, ó yìn ín. Ẹ̀tù jó fíì, bí igi tútù. Ọta jáde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n.

Ẹfọ̀n wo ọta. Ó wo Ọdẹ́rìnlọ.

"Ẹ káàárọ̀," ni ẹfọ̀n wí. "Nǹkan yín já bọ́."

Ó sì lé wọn gun igi.

Nígbà tí oòrùn mú, tí ẹfọ̀n ti lọ, Ẹ̀tù lọ sùn sórí àpáta gbígbóná. Ó yí apá ọ̀tún, ó yí apá òsì, títí ara rẹ̀ fi ń ta bí ata. "Ẹ wá yìn mí nísinsìnyí," ló wí.

Ẹfọ̀n padà dé. Ọdẹ́rìnlọ yìnbọn. Ẹ̀tù dún gbàà! Ìdí ìbọn gbá Ọdẹ́rìnlọ léjìká, ó fi ìdí jókòó. Ọta gba orí ẹfọ̀n kọjá. Ọ̀nà ṣófo lókè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a dúró, àfi ìgbà tó fọ́ akèrègbè ẹlẹ́mu kan ní òdìkejì òkè. Ẹlẹ́mu náà ń mu ẹmu inú rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

"Ẹ̀tù," ni Ọdẹ́rìnlọ wí láti ilẹ̀, "láàárọ̀ o ò débẹ̀. Lọ́sàn-án o kọjá ibẹ̀. Ṣé ẹnì kan ni ọ́ ni, àbí ẹ pọ̀? Lọ́la ni màá ránṣẹ́ pe Ọfà."

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹ̀tù lọ bá Ooru lẹ́bàá ààrò, Afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi Ooru, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìgbà wo ni mo di ẹ̀gbọ́n rẹ?" ni Ooru wí. "Mi ò lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo máa ń wà, bí òtútù mú bí kò mú. Abẹ́ abíyá èèyàn ni. Tí o bá fẹ́ mi, wá síbẹ̀."

"Abẹ́ abíyá Bàbá? Bàbá ọ̀hún kì í tètè wẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Ooru wí.

"Èmi ò ní abíyá," ni Afẹ́fẹ́ wí. "Kí ọdẹ kọ́kọ́ yìn ọ́ wò lára igi, níbi tó ti fẹ́ dọdẹ gan-an, kì í ṣe nílé. Kí ó rí ibi tí ọta lọ kí ó tó gbà ọ́ gbọ́."

"Lójú gbogbo ayé?"

"Lójú gbogbo ayé."

Ẹ̀tù bẹ Ọdẹ́rìnlọ, Ọdẹ́rìnlọ sì gbà láti tún un dán wò. Ó gbẹ́ àdó kékeré kan. Ẹ̀tù ká ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n dé e, wọ́n gbé e há abíyá.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Ọdẹ́rìnlọ àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè. Ọdẹ́rìnlọ yìnbọn wò lára igi kan. Ẹfọ̀n gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ wọ́n, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Àwọn ọdẹ wo ara igi. "Ó rẹlẹ̀ díẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìnlọ gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀, ó kọjú sí ẹfọ̀n, ó yìn ín. Ẹfọ̀n ṣubú. Èèbù abúlé yè.

Wọ́n pín ẹran. Ooru gba ẹ̀dọ̀, Afẹ́fẹ́ gba ọrùn. Àyọ̀ká gbé itan dání, ó wo orí àjà, kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó gbé e fún àwọn tí ẹfọ̀n fọ́ àká wọn.

Láti ọjọ́ tó ti ká ẹsẹ̀ sínú àdó ni ẹ̀tù ò ti ní ẹsẹ̀ mọ́. Láti ìgbà ìjà ẹran yẹn ló ti ń lọ́ra nínú òtútù, tó ń ṣe àṣejù nínú ooru, tí ọta sì ń jìnnà lórí òkè ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó gbọ́n fi máa ń yìnbọn wò níbi tó ti fẹ́ dọdẹ, tó sì ń gbé àdó ẹ̀tù rẹ̀ há abíyá nígbà ọyẹ́.

Tí àwọn ọdẹ bá ń jẹran, òórùn rẹ̀ a máa dé inú àdó. Ẹ̀tù á ká ara jọ nínú òkùnkùn níbẹ̀, á máa yá ooru abíyá. Kì í béèrè itan.