Alágẹmọ Di Ará Ilé Labalábá

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Alágẹmọ àti ìdílé Labalábá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín dáadáa. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ mọ̀ ọ́n? Ó dáa.

Ní ìgbà kan rí, ìdílé Labalábá kan wà nínú igbó. Wọ́n pọ̀ lọ jàra. Ọ̀dọ̀ ìyá ńlá kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn kò jọra. Àwọn kan pupa, àwọn kan ní tó-tò-tó bí ẹtù, àwọn kan rí bí èlùbọ́. Ìlà kan tó ń dán bí fàdákà létí ìyẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ẹni tó bá ti ní ìlà yẹn, ọmọ ilé ni, wọn kì í bi í ní nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàṣìṣe.

Alágẹmọ gbọ́ nípa ìlà yìí. Ó já ewé méjì, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn. Ó fi omi ara ìgbín, èyí tó máa ń dán bó bá gbẹ, kùn wọ́n létí. Ó lọ bá wọn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ọmọ yín tó wà lódìkejì odò ni mí.”

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù láàárín wọn, wò ó títí. “Ìyẹ́ rẹ mà nípọn o, ọmọ mi.”

“Oúnjẹ ọ̀hún ló dáa, Màmá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á sílé.

Láti ìgbà náà ni ará ilé ti ń dín kù. Àwẹ̀ró oníyẹ̀ẹ́ pupa lọ mu omi òdòdó, kò padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá a lọ, òun náà kò padà. Ìfura bá wọlé. Àwọn pupa ń fojú burúkú wo àwọn tó rí bí ẹtù, àwọn yẹn náà ń wò wọ́n padà. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé ibí yìí.

Alágẹmọ yí ojú kan sọ́tùn-ún, ó yí èkejì sósì. “Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni o. Ṣùgbọ́n Dúdúyẹmí yìí, ta ló tún dúdú báyẹn nínú ilé? Ìlà etí ìyẹ́ rẹ̀ pàápàá, tín-ín-rín ni.”

Dúdúyẹmí bú sẹ́kún. “Abẹ́ ewé yìí ni wọ́n bí mi sí.”

Wọ́n ní kó máa lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé labalábá tó bá dá rìn, ẹyẹ ni yóò jẹ ẹ́.

Òjò ṣú. Labalábá mìíràn a máa pa ìyẹ́ dé bó bá ń sinmi. Ìdílé yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ewé ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á tẹ́ ìyẹ́ pẹrẹsẹ. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn wọ abẹ́ ewé. Dúdúyẹmí náà, tòun ti omijé, ó wọ abẹ́ ewé, ó tẹ́ ìyẹ́ pẹrẹsẹ. Alágẹmọ nìkan ló kù lókè.

Ìyá Àgbà ní, “Ará òdìkejì odò, òjò ń pa ọ́.”

“Ara mi gba òjò, Màmá.”

“Bọ́ sábẹ́ ewé, ọmọ mi. Tẹ́ ìyẹ́ rẹ ká rí i.”

Alágẹmọ rọra yọ́ sábẹ́ ewé. Ewé kò gbà á, ó já. Ó ṣubú gbì sáàárín àwọn èèrà. Èèrà ló ń bá ìdílé yìí ṣọ́ ọmọ, nítorí omi dídùn tí àwọn ọmọ náà ń fún wọn lá. Wọ́n bo Alágẹmọ, wọ́n ń gé e jẹ. Ó la ẹnu kó ké, ìyẹ́ pupa Àwẹ̀ró bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tipátipá ló fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèrà, ó sá wọgbó lọ.

Ìyá Àgbà fò lọ bá Dúdúyẹmí. “Dárí jì wá, ọmọ mi.”

Dúdúyẹmí sún díẹ̀, kí Màmá lè ráyè lábẹ́ ewé rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: láti ọjọ́ náà ni Alágẹmọ kò ti fọkàn tán ewé mọ́. Bó bá gbé ẹsẹ̀, yóò mì síwá, yóò mì sẹ́yìn, kó tó gbé e lélẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ń kọ́ yín láti fura sí ará ilé yín, òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí irọ́ ni mo pa, kí ẹní tí mo jókòó lé yìí fà ya mọ́ mi nídìí.