Ẹ̀gà Tó Ní Kí Wọ́n Dúró

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ọ̀pẹ, ó bá àwọn ẹ̀gà nídìí ìtẹ́ híhun. Ìtẹ́ àtijọ́ kan ni gbogbo wọn ń wò hun tiwọn. Oòrùn a máa jó fọ́nrán rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ibi tó bá sì lẹ̀ a gbẹ, kò sì lè gbé ẹyin. Ìyá Àjíwò, ẹ̀gà arúgbó, ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá kan ibi tó lẹ̀, a kọrin:

Ẹ dúró, ẹ má hun mọ́ o,
*Tere na!*
Oòrùn ti jó ilé o,
*Tere na!*

Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n dúró, wọ́n gé ibẹ̀, wọ́n fi tuntun dí i. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ń kùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ní, "Èyí ti kọjá àtúnṣe. Ẹ jẹ́ ká já a sọnù."

Akánjú, ọlọ́gbọ́n inú wọn, rẹ́rìn-ín.

"Màmá, oòrùn tí aráyé fi ń sá èlùbọ́ ló máa ba ilé wa jẹ́? Ẹ lọ sinmi jàre."

Wọ́n lé ìyá lọ sórí igi kejì. Iṣẹ́ wá yá! Ìtẹ́ kún ọ̀pẹ, gbogbo rẹ̀ jọra, títí kan ibi tó jóná. Ẹ bá wọn yọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ìtẹ́ já níbi tó jóná, ẹyin fọ́. Akánjú fò lọ bá ìyá tẹkúntẹkún.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kò kọrin?"

Ìyá bá a padà sídìí ọ̀pẹ. Ó bá a ṣa èèpo ẹyin, ó sì rọra dá orin náà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá a gbè é.