Ọkọ̀ Olóyè Adéṣíyan àti Ẹ̀sùn Ọtí

Ọdún mọ́kànlá ni Làmídì fi wa ọkọ̀ fún Olóyè Adéṣíyan ní ìlú Òkè-Agbède. Kò kọ lu ẹnikẹ́ni rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Òun kan náà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀, tó ń pe ìrun lójoojúmọ́. Láti kékeré, ọtí kò kan ètè rẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kan ń rọ̀ lemọ́lemọ́, sítíárìn ọkọ̀ yìí yíwà padà. Iná kan á ṣàdédé tàn níwájú awakọ̀, sítíárìn á sì le bí ẹni pé wọ́n fi okùn dè é. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Làmídì sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Olóyè, ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ yìí lọ fún àyẹ̀wò. Sítíárìn rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù."

"Apá rẹ ni kò lágbára mọ́," ni èsì Olóyè. "Wa ọkọ̀, jàre."

Ní ọjọ́ ọjà kan, lẹ́yìn òjò, wọ́n dé kọ́nà ilé ìfìwéránṣẹ́, sítíárìn sì le gbagidi. Làmídì fi gbogbo agbára fà á, kò yí. Ó tẹ bíréèkì, ilẹ̀ ń yọ̀. Ọkọ̀ lọ forí sọ ògiri. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n bí Olóyè ti sọ̀ kalẹ̀, ó fọ́ Làmídì létí níwájú gbogbo èrò ọjà.

"Ọ̀mùtí! O fẹ́ pa mí!"

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n gbá létí bí ọmọdé. Ìyàlẹ́nu dí i lẹ́nu, kò lè fọhùn. Olóyè yíjú sí èrò: "Ṣé ẹ rí i? Kò rí nǹkan kan sọ. Ó ti mutí yó!" Ibẹ̀ ló ti lé e níṣẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé mọ́ṣáláṣí. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní kí ó fi ìrun pípè sílẹ̀ ná. Èyí dun Làmídì ju ìgbátí lọ.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Gàníyù, mẹkáníìkì tó lórúkọ jù nílùú. Sítíárìn irú ọkọ̀ yìí ní ọpọlọ kékeré tirẹ̀, bíi kọ̀ǹpútà, tó ń gba iṣẹ́ tí àwọn ọpọlọ yòókù nínú ọkọ̀ ń rán sí i nípasẹ̀ wáyà. Gàníyù ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ ọkọ̀, ó pe ọpọlọ sítíárìn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dáhùn.

"Ó ti kú," ló wí. "Ògiri tí awakọ̀ yẹn kọ lù ló pa á."

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Òun náà kò dáhùn. Gàníyù ní òkú ni wọ́n tà fún òun.

Nígbà tí Làmídì gbọ́, ó lọ bá Ọmọ́ṣaléwá, obìnrin riwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìkángun ọgbà mẹkáníìkì kan náà.

"Ẹ̀yin, Bàbá Ládàánì, ni wọ́n ní ẹ mutí?" Obìnrin náà ju aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ̀sí wo nìyí? Ìgbà wo ni sítíárìn náà máa ń le?"

"Lẹ́yìn òjò ni."

"Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n pe nǹkan, kò dáhùn, wọ́n ní ó ti kú. Ta ló yẹ ọ̀nà tí ìpè gbà wò?"

Ó gba àyè lọ́wọ́ Gàníyù, ó yẹ bátìrì ọkọ̀ náà wò, ó pé. Fíúsì kò jó. Iná ń dé ọpọlọ sítíárìn. Ó wá dé orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tó ń gbé iṣẹ́ lọ gbé iṣẹ́ bọ̀. Iṣẹ́ ń jáde ní ìpẹ̀kun kan, kò dé ìkejì. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè, ó bá omi òjò nílẹ̀. Ẹni tó fi fèrè oyè, èyí tó ń dún kí èrò lè yà lọ́nà, sí ọkọ̀ náà fún Olóyè kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ ha ara wáyà méjèèjì níbi tó ti ń wá iná. Ó fi wọ́n sílẹ̀ níhòòhò, omi sì ti jẹ wọ́n.

Ọmọ́ṣaléwá gé ibi tó jẹrà kúrò, ó so wáyà tuntun, ó wé e dáadáa. Ó dá ọpọlọ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n pè lókùú, padà sáyè rẹ̀. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló pè é. Ó jẹ́. Ìka kan ni wọ́n fi yí sítíárìn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Olóyè. Ó wo wáyà, ó wúkọ́. "Ó dáa. Làmídì, máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́la."

"Ó dáa kẹ̀?" Ohùn Ọmọ́ṣaléwá gba ọgbà kan. "Fèrè yín ló ba ọkọ̀ jẹ́! Ó kìlọ̀ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta! Ẹ ba ládàánì lórúkọ jẹ́, 'ó dáa' lẹ rí sọ?"

Làmídì gbé ọwọ́ sókè láti dá a lẹ́kun. "Olóyè, iṣẹ́ kọ́ ni mo wá wá. Níwájú èrò ọjà lẹ ti gbá mi létí. Níwájú èrò ọjà ni kí ẹ ti sọ pé n kò mutí."

Olóyè wo Gàníyù bóyá yóò gbè é. Gàníyù ní, "Èmi náà ṣi ẹjọ́ rẹ̀ dá, Olóyè. Màá bá yín lọ."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Olóyè dúró ní kọ́nà náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Alápatà kan kígbe pé, "A ò gbọ́!" Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Làmídì ló pe ìrun. Ṣùgbọ́n kò wa ọkọ̀ Olóyè mọ́ láé.

Títí di òní, bí ẹnìkan bá fẹ́ yára dájọ́ ní Òkè-Agbède, ọ̀rọ̀ Ọmọ́ṣaléwá ni àwọn àgbà fi ń dá a dúró, wọn a ní: "Ká tó dá adákẹ́ lẹ́bi, ká yẹ ọ̀nà tí ìpè gbà wò."