Ikọ́ Ẹ̀tàn Ìjàpá

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Àbí iyán àná ló di yín lọ́nà ọ̀fun? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ìbídùn, kí ló dé tí o ń wúkọ́ láti ìrọ̀lẹ́? Fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu, jàre. Àlọ́ mi kò rìn jìnnà lálẹ́ yìí. Ó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, ó lọ bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo nínú ilé, níbi tó ti ń wú ikọ́ tí kò ṣe é.

Ní ìgbà kan rí, ikọ́ burúkú kan wọ ìlú àwọn ẹranko. Ó mú àgbà, ó mú ọmọdé. Kìnnìún ọba wọn bá pàṣẹ: "Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún la ó máa ná ọjà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wá láti ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ewé bo imú. Ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó wọjà. Kí ìwọ̀n ọ̀pá gígùn kan wà láàárín ẹnì kan sí ìkejì. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Aládùúgbò rẹ̀ ni yóò bá a ra oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn o!"

"Kábíyèsí!" Gbogbo wọn dáhùn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹlẹ́dẹ̀ so ewé mọ́ àgbọ̀n, imú rẹ̀ wà níta gbangba. Ọ̀bọ fọ ọwọ́ tán, ó fi họ ìdí, ó tún fi ń tẹ tòmátì olótòmátì wò. Ẹfọ̀n ra gbogbo ọṣẹ ọjà, ó kó o sábẹ́ ibùsùn, síbẹ̀ kò wẹ̀.

Ti Ìjàpá ló wá burú jù. Ẹ ṣáà mọ ìrìn rẹ̀. Kó tó dé ọjà, iṣu ti tán, orí iṣu ló kù. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ì bá lọ dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ọ̀nà ìlú nítorí ikọ́, ó há sílé ìyá rẹ̀. Ìjàpá gbé agbọ̀n òfìfo délé, ó jókòó, ó ronú. "Ta ni oúnjẹ ń bá nílé láìrìn? Ẹni tó ń wúkọ́ ni!"

Ilẹ̀ mọ́, Ehoro aládùúgbò rẹ̀ gbọ́: "Hòhò! Hòhò!"

"Bàbá Ìjàpá, ṣé kò sí?"

"Háà, Ehoro ọmọ mi, ikọ́ ti mú mi o. Iṣu díẹ̀ ti tó mi. Àti epo. Àti ẹran, kí n lè rí agbára wúkọ́."

Ehoro, ọmọ dáadáa, sáré lọ, ó sáré bọ̀. Ó fi ọ̀pá gígùn ti agbọ̀n náà sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ní àgbàlá, kí èèrà má bàa bò ó, ó sì sá padà. Ìjàpá gun ìtí igi tó wà nídìí odó, ó fa agbọ̀n wálẹ̀, ó jẹun yó.

Ní ọjọ́ ọjà kejì, Ehoro dúró lókèèrè. "Bàbá, ẹja àrọ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́jà. Ìyá Òkété ni mo rà á fún. Ikọ́ ti dá a dùbúlẹ̀, omi ọbẹ̀ nìkan ló lè mu."

Ìjàpá gbọ́ ẹja. Ó wúkọ́ títí ilé fi ń mì. "Ehoro, bí mo bá kú, sọ fún Yánníbo pé ẹja ni mo béèrè."

Kí ni Ehoro ó ṣe? Ó gbé ẹja fún un. Omi gbígbóná lásán ni Ìyá Òkété mu lọ́jọ́ náà. Ó ń dùn mí, ẹ̀yin ọmọ, mi ò lè purọ́.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Ara Ìjàpá ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Hòhò!" Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan tó kà fún Ehoro pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbọ̀n fi fẹ́ ya. Ìjàpá gun ìtí igi, ó fà á, kò wá. Ó fi gbogbo agbára fà á. Gbì! Òun àti agbọ̀n já lulẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè.

Ìjàpá tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí kò rẹ́ni yí i padà, ikú dé nìyẹn. Oòrùn ọ̀sán sì ti mú. "Ẹ gbà mí o!"

Ehoro sáré dé, ó dúró ní ọ̀pá kan. Ẹfọ̀n dé, ó dúró ní ọ̀pá kan. Ẹlẹ́dẹ̀ dé, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí fa ewé bo imú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá! Ẹ máa mu omi dáadáa o!"

"Ẹ yí mi padà!"

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní ikọ́ kankan! Irọ́ ni mo pa!"

"Yéè! Ibà ti gun orí rẹ̀, ó ti ń sọ ìsọkúsọ. Ẹ tún sún sẹ́yìn!"

Ni Ìjàpá bá forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ehoro, wá gbé mi o —
*Ọ̀pá kan ni!*
Ikọ́ ẹ̀tàn ni mo wú o —
*Ọ̀pá kan ni!*
Oòrùn fẹ́ yan mí jẹ o —
*Ọ̀pá kan ni!*
Ará ilé, ẹ sún mọ́ mi o —
*Ọ̀pá kan ni!*

Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí Ìyá Òkété fi igi tẹlẹ̀ dé. Ikọ́ ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ. Ó wo agbọ̀n tó dà sílẹ̀. "Aláìsàn wo ló ń ra ọjà bí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó?" Òun náà dúró ní ọ̀pá kan, ó na igbá kan tó fi ewé bò. "Ìjàpá, kí ló wà nínú igbá yìí?"

Ìjàpá ò tiẹ̀ ronú. Imú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. "Ẹja yíyan ni! Ata rodo wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ bù díẹ̀ fún mi!"

Ìyá Òkété bú sẹ́rìn-ín. "Nígbà tí ikọ́ yìí wà lára mi, ọbẹ̀ jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò mọ̀. Ẹni tó bá mú kì í gbóòórùn. Ẹ yí i padà jàre, ara rẹ̀ le ju tiyín lọ."

Wọ́n fi ọ̀pá yí i padà. Ehoro kò bú u. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Bàbá, ẹja Ìyá Òkété ńkọ́?"

Kìnnìún fi í sẹ́nu ọ̀nà ọjà kó máa bu omi sọ́wọ́ ará ìlú, títí ikọ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ti na ọwọ́ á béèrè: "Bàbá Ìjàpá, ikọ́ ńkọ́?" Ìtìjú á mú un, á fa orí wọlé. Títí di òní, ẹ sún mọ́ Ìjàpá kẹ́ ẹ wò ó.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi àìsàn ẹ̀tàn gba oúnjẹ lẹ́nu aláìsàn, ọjọ́ tó bá ké òótọ́, irọ́ ni wọn yóò pè é.

Ìbídùn, mi ò gbọ́ ikọ́ rẹ mọ́. Ó ti san? Ó mà dáa o. Ọjọ́ ọjà ni ọ̀la, agbọ̀n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.