Oje Inú Táyà Mopélọ́lá

"Oje tó jókòó sójú kan kì í dí ihò." Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ nílùú Òkè-Ọ̀sán, ẹ ó gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹlòmíràn rò pé oje igi ni wọ́n ń wí, pé ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan ló dá a nínú igbó. Rárá o. Ìdí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti dá a, nínú agbo ilé Alápáta, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣì wà láyé.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú agbo ilé náà tó ń jẹ́ Mopélọ́lá. Òun ló máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àwọn abà orí òkè, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Kẹ̀kẹ́ alágbára kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí àpáta, ló ń gùn, a sì so kúlà tó kún fún yìnyín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gún ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ̀gún ojú ọ̀nà òkè náà kò mọ nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ewúrẹ́. A gún táyà, tíúbù a bẹ́. Lọ́jọ́ kan, ibi tó ti ń lẹ tíúbù lábẹ́ oòrùn ni yìnyín ti yọ́ tán, oògùn sì bàjẹ́. Àwọn ìyá tó ti gbé ọmọ pọ̀n láti àárọ̀ padà sílé lásán. 

Ọkọ rẹ̀, Láwuyì, tó jẹ́ télọ̀, wá gbọ́ pé táyà kan wà tí kì í lo tíúbù rárá. Oje kan tó funfun bíi wàrà ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún un, oje náà á sáré dí ojú ihò. Ó ra méjì láti Ìbàdàn, ó ní òun fúnra òun ni yóò dè é nílé.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni Láwuyì, ẹni tó fẹ́ kí nǹkan tuntun máa wà ní tuntun. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga pálọ̀ rẹ̀ láti ìsọ̀ kò tíì kúrò lára wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó jókòó síwájú ilé, ó fi téèpù di inú irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yíká bí ẹni tó ń ṣẹ́tí aṣọ. Ó ti ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bọ̀ ọ́, ó da oje sínú táyà, ó sì fi ọwọ́ tẹ etí rẹ̀ wọnú irin. Ó wá mú pọ́ńpù, ó ń fẹ́ ẹ. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ń gba etí táyà jáde, fùù. Ó fi omi ọṣẹ pa etí rẹ̀ yíká, ó bọ́ ẹ̀wù, ó sì fẹ́ ẹ láìsinmi títí etí táyà fi fò jókòó sínú irin, pó, pó. Adìẹ fọ́n ká. Baba Ọ̀pátọ́lá, olórí agbo ilé, yọjú láti inú yàrá rẹ̀.

"Láwuyì, ta ló ń yìnbọn?"

"Kì í ṣe ìbọn, Bàbá. Táyà ìyàwó mi ló jókòó."

"Tó bá jókòó báyìí, báwo ni yóò ṣe dìde?"

Láwuyì rẹ́rìn-ín. Ó ṣe ìkejì bákan náà, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó fi aṣọ bò ó, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí oje náà lè sinmi.

Ó sinmi lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Mopélọ́lá gbé kúlà jáde, táyà méjèèjì ti rọ̀ lulẹ̀ pẹlẹbẹ. Láwuyì tún fẹ́ wọn, ó tún gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó dúró tì í. Kò pẹ́, wọ́n tún rọ̀. Oòrùn ń ga, yìnyín ń yọ́, Láwuyì sì ń wo ilẹ̀ bíi télọ̀ tó gé aṣọ oníbàárà kúrú.

"Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ," ó ní. "Jẹ́ kí n bá ọ wá tíúbù àtijọ́ yẹn."

Mopélọ́lá ní kó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí sí i. Ó gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ jáde lókè, ṣíí, lẹ́bàá irin. Ó mi táyà, ó gbọ́ oje tó ń dún gbọ̀lọ̀ nísàlẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìtùnú," ó pe ọkọ rẹ̀, "bí mo bá fún ìyá ọmọ ní oògùn olómi, kí ni mo máa ń sọ fún un?"

"Pé kó gbọ̀n ọ́n dáadáa kó tó fún ọmọ mu."

"Torí pé oògùn a máa sùn sísàlẹ̀ ìgò ni. Òkè ni ihò wà, ìsàlẹ̀ ni oje sùn sí. Ẹ̀yin náà lẹ sì ní kó sinmi."

Kí Láwuyì tó fèsì, ìyàwó rẹ̀ ti gun kẹ̀kẹ́. Ó gùn ún yí agbo ilé po, ó ń fì í sọ́tùn-ún, ó ń fì í sósì, ó ń gba orí gbòǹgbò igi máńgòrò kọjá, ọkọ rẹ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Oje funfun yọ díẹ̀díẹ̀ létí irin, ó sì dì síbẹ̀. Nígbà tó dúró, àwọn méjèèjì gbé etí sí táyà. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó so kúlà, ó gun òkè lọ. Lójú ọ̀nà, ẹ̀gún gún táyà iwájú. Oje tú díẹ̀ síta, kẹ̀kẹ́ ń yí lọ, ihò sì dí. Yìnyín ṣì wà nínú kúlà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá. Gbogbo ọmọ ló gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì sunkún bó ṣe yẹ kí ọmọ sunkún.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan nínú agbo ilé ń jà nítorí ààlà ilẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn lè wọ̀ wọ́n létí jókòó sílé, oníkálukú ń sọ pé Ọlọ́run yóò dá sí i. Baba Ọ̀pátọ́lá mú ọ̀pá rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn Láwuyì.

"Wọ bàtà rẹ, ká lọ," ó ní. "Àwọn méjèèjì ń gbọ́ tìrẹ. Oje tó jókòó sójú kan kì í dí ihò."

Láwuyì wọ bàtà rẹ̀. Wọ́n lọ, ìjà náà sì parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Òkè-Ọ̀sán ti ń pa òwe náà. Bí ẹnì kan bá ní ọgbọ́n, agbára tàbí ojúrere tó lè tún ọ̀rọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tó jókòó tẹtẹrẹ sílé, tó ń retí kí nǹkan dára fúnra rẹ̀, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn sọ fún un pé oje tó jókòó sójú kan kì í dí ihò. Ẹni tó bá gbọ́n á dìde.