Odò Tí Àwẹ̀ró Fi Eérú Yà

"Odò eérú kì í gbé ènìyàn lọ, ẹni tó yà á ni kí a bi." Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ ya odò ọ̀hún, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀?

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, amọ̀kòkò ìlú Òkè-Amọ̀. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, a máa ru ìkòkò lọ tà ní Ìdìágbọn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Ìdìágbọn kó ọmọ Òkè-Amọ̀ mẹ́rìnlá lẹ́rú láàárín ìgbà òjò, òun ni Jagun Òjélékè, olórí ogun, ránṣẹ́ pè. Ó ní kí ó mọ àwòrán ìlú náà sí àgbàlá òun, kí àwọn ọmọ ogun lè fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ̀nà rẹ̀.

Àwẹ̀ró fi amọ̀ mọ odi, ó fi àpáàdì ṣe ẹnubodè, ó sì fi eérú ya odò tó wà níwájú ìlú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn ín. Ọdẹ́yọyin, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, tó wà lára àwọn ọmọ ogun, ló máa ń ṣáájú. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá odò eérú náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi, ẹ wò ó, ọrùn ẹsẹ̀ mi ò tilẹ̀ tutù!"

"Jagun," ni Àwẹ̀ró wí, "odò yẹn..."

"Ìyá oníkòkò, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gbé ọ̀kọ̀ ni? Ẹ ti ṣe tiyín."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àwẹ̀ró níwájú ọmọ rẹ̀, ó sì panu mọ́. Ohun tó fẹ́ sọ kò gùn: òun kò dé Ìdìágbọn nígbà òjò rí.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun gbéra, tí wọ́n dé etí odò Ìdìágbọn gan-an, omi ti kún dé ẹsẹ̀ igi. Àwọn kan fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yọyin mọ ibi tí ìyá rẹ̀ fi hàn án, ó sì fi ẹsẹ̀ síbẹ̀. Òun àti àwọn mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni omi gbé lọ. Àwọn yòókù yí padà, àwọn ọmọ mẹ́rìnlá tí wọ́n kó lẹ́rú kò sì padà wálé mọ́.

Jagun wá dúró níwájú Àwẹ̀ró, kò lè jókòó.

"Èmi ni mi ò bi yín."

"Èmi náà ni mi ò sọ," ni Àwẹ̀ró dáhùn.

Òjò ti wó odi amọ̀ náà, ó ti gbá eérú lọ. Síbẹ̀, títí Àwẹ̀ró fi kú, bó bá ń kọjá ní àgbàlá yẹn, a máa ká ìró rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá.

Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń sọ ọ́ bí wọ́n bá rí ẹni tó gbójú lé àwòrán nǹkan bí ẹni pé nǹkan náà gan-an ni, tí kò bi ẹni tó ṣe é léèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀: odò eérú kì í gbé ènìyàn lọ, ẹni tó yà á ni kí a bi. Wọ́n a sì máa sọ ọ́ fún ẹni tó ya odò pẹ̀lú, bí wọ́n bá rí i pé ó fẹ́ panu mọ́.