Fọ́tò Ìkórè Tí Ó Rìn

Ọkùnrin kan wà tí fọ́tò rẹ̀ kì í burú. Àwọn ẹlòmíràn a máa dijú, wọn a máa yán, nígbà tí iná kámẹ́rà bá kọ mànà. Tirẹ̀ kọ́. Bó bá ti rí onífọ́tò lókèèrè ni eyín rẹ̀ ti ń jáde.

Ní ìjọ rẹ̀, àṣà kan wà. Lọ́jọ́ ìkórè, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ àti ìyàwó wọn a tò síwájú ilẹ̀kùn ńlá, Àlùfáà a dúró láàárín, onífọ́tò a sì yà wọ́n. Ibì kan náà ni, lọ́dọọdún. Wọn a fi fọ́tò náà kọ́ sínú yàrá ìpàdé, kò sì sí ẹni tó tún ń wò ó mọ́ àfi aláǹgbá.

Oyè Bàbá Ìjọ wá ṣófo. Ọkùnrin wa yìí fẹ́ ẹ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ ẹran. Ó ti sọ fún télọ̀ bí agbádá ìwúyè náà yóò ṣe gùn tó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ilé tọ́jú ni àwọn ń wá. Ó ní ìyẹn kò le, òun yóò fi ẹ̀rí hàn wọ́n. Ó pe onífọ́tò, ó ní kó kó gbogbo fọ́tò ìkórè jọ, kó so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa rìn bíi sinimá, kí ìjọ lè rí bí òun àti ìyàwó òun ti jọ dúró gbọn-in láti ìgbà tí irun orí òun ṣì pé. Onífọ́tò bi í bóyá kí òun yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní láéláé, èwo ni òun ti burú nínú wọn? Ó ní kó máa yí lọ ni, kó má dúró, kí ẹni tó bá pẹ́ dé lè bá a.

Onífọ́tò yìí, ọ̀lẹ ni. Dípò kó jókòó máa so fọ́tò mọ́ fọ́tò, ó kọ àṣẹ kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà, ìlà mélòó kan péré: kó gbogbo fọ́tò tó wà níbí, tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀léra, jẹ́ kí ilẹ̀kùn ìjọ inú wọn bára mu, sáré fi wọ́n hàn níkọ̀ọ̀kan, bó bá parí, bẹ̀rẹ̀ padà. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó lọ jẹun. Kọ̀ǹpútà kò sì mọ ẹni tó ń du oyè. Ọkùnrin wa kò tilẹ̀ wò ó tẹ́lẹ̀. Ta ló ń yẹ ẹwà ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé e sára ògiri. Ilẹ̀kùn kò mira. Àlùfáà wà láàárín, irun rẹ̀ ń funfun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin wa ń rìn. Ìpẹ̀kun ìlà ló ti gbéra. Bí ọdún ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ló ń fi èjìká rọra ti ènìyàn, ó ń sún mọ́ Àlùfáà, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ń rìn, ṣùgbọ́n ìta ló forí lé. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, ó bọ́ sẹ́yìn akọ̀wé ìjọ, ó dé etí fọ́tò, ó ku ìdajì, ó ku gèlè. Lọ́dún tó gbẹ̀yìn, ìgúnpá kan ló kù, pẹ̀lú báàgì Bíbélì ọkọ rẹ̀ tó fi kọ́ ọ.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ padà. Ìyàwó tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, odindi, tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọkọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa yí lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn akọrin obìnrin ti gbà á sẹ́nu.

“Ìyá Morádékẹ́, ẹ tètè di aṣọ ẹ̀ mú, ó tún ti ń lọ.”

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n pa á.

Onífọ́tò ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní kó má dúró.”

Ó wá yíjú kí ìyàwó rẹ̀ bá òun dá sí i. Ìyàwó kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jókòó síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti fèsì jẹ́ẹ́jẹ́.

“Bàbá Morádékẹ́, ẹ jẹ́ kó máa yí. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wù mí í wò.”

Ẹ̀rín tán nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí oyè náà ṣì sinmi ná. Télọ̀ sì ti gé aṣọ.

Ìwọ ọ̀gbẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo rí i pé o ń rẹ́rìn-ín. Rín in tẹ́rùn. Kò sí ọjọ́ kan tí o hùwà ìkà, mo mọ̀. Ọjọ́ rẹ kọ̀ọ̀kan ló dán bí awo tuntun. Ṣùgbọ́n ìwà kì í ṣe ẹyọ ọjọ́ kan. So wọ́n pọ̀, kí o wo ibi tí ò ń sún lọ àti ẹni tí ò ń sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní: níbo ni ìyàwó rẹ jókòó sí ní Ìsinmi tó kọjá?

Ó dára. Máa ronú, n kò kánjú.